Itan Ìgalà Lọ́wọ́ Kọngílá

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ bí mi tí ẹ kò dúró rí ọlá mi,

Ó yẹ kí Lámídì ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí. Ẹ ó ti rí ojú ọ̀tún rẹ̀ tí kò sí mọ́, ẹ ó sì ti bi í léèrè. Mo mọ àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ara rẹ̀, ńṣe ló máa ń gé e kúrú. Á ní, "Ìjà díẹ̀ ni, Bàbá." Kì í ṣe ìjà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ja ìjà náà. Èmi ni mo jà á. Ẹni tó bá ní kì í ṣe èmi, kó wá wo ọwọ́ mi.

Èmi fúnra mi ni mo sì ń kọ ọ́ o. Kò sí akọ̀wé kankan níbí. Ìwé méjì péré ni mo kà kí ẹ tó ní kí n wá máa ru àpò ẹran lẹ́yìn yín, ẹ wá wò ó, ó ń lọ geere. Àwọn tó kàwé yanjú ló ń gbé nínú ilé mi, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀. Mo ti kọ́lé sí Ìkọ̀tún, mo kọ́ sí Ẹgbẹ́dá, mo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ yín gan-an ní Ìgándò. Nígbà tí ẹ lọ, mo ṣì ń bá ẹlòmíràn mọ búlọ́ọ̀kù. Lónìí, èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, èmi ni mo ni típà tó ń kó yanrìn. Mo ti lọ sí Mẹ́kà, mo ti bọ̀. Alájì ni wọ́n ń pè mí, títí kan àwọn tó ń pè mí ní ọmọ ọdẹ ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀ láyé ọjọ́sí. Búlọ́ọ̀kù mi kì í sán. Ẹ bi ẹnikẹ́ni láti Ìgándò títí dé Gowon Estate.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àwọn ọdẹ ti kún àgbàlá mi. Ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà láàrin wọn. Ilé ọkùnrin tí wọ́n pa Lámídì sí ni wọ́n fẹ́ lọ dáná sun. Èmi ni olórí ọdẹ báyìí, kò sẹ́ni tó máa dìde níbẹ̀ àfi tí mo bá ní kí wọ́n dìde. Mo ní kí wọ́n dúró ná, mo fẹ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Ẹ rántí pèrègún ẹ̀bá odò yẹn, èyí tó pààlà láàrin wa àti àwọn ará òdìkejì? Ibẹ̀ lẹ ti kọ́ èmi àti Lámídì. Ẹ ó kọ́kọ́ fín áṣáà, ẹ ó nu imú sí etí ẹ̀wù ọdẹ yín, ìyá wa á sì bínú nílé. Ẹ ní ẹran tó bá ti gba ọta ìbọn ẹni, ti ẹni ni, kódà kó lọ kú sẹ́yìn ilé ọba. Ẹ ní a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kó máa jẹ̀rora kiri, torí ẹran tó ń jẹ̀rora ń ṣépè. Ṣùgbọ́n tó bá ti ré ààlà kọjá, ìbọn dúró nídìí pèrègún. A ó já ewé pèrègún kan, a ó fi eyín dì í mú, a kò ní fọhùn títí onílẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi kọ́kọ́ fọhùn sí wa. Mo bi yín nígbà náà pé kí ló dé tí èèyàn kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú igbó onígbó, àṣẹ ló ti ń pa níbẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, itan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹran náà di ti onílẹ̀. Tí onílẹ̀ bá sì ti gba itan lọ́wọ́ ẹni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di èèwọ̀ nìyẹn. Ọdẹ náà àti gbogbo ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́wọ́ sókè sí i mọ́ láéláé.

Lámídì gba òfin yẹn bí ẹni gba àdúrà. Èmi gbà á torí pàṣán yín.

Àwọn ará òdìkejì odò ti ta ilẹ̀ wọn, Bàbá. Agbaṣẹ́ṣe kan ló rà á, ọkùnrin kan tó sanra, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kọngílá. Ó mọ odi yí i ká. Búlọ́ọ̀kù mi ló fi mọ ọ́n, ó gbọ́n níbẹ̀. Àmọ́ odi náà wọ ilẹ̀ wa díẹ̀, ó sì kó pèrègún yín sínú. Mo lọ bá a. Ó fa ìwé àwọn sọ̀fíyọ̀ tó wọn ilẹ̀ náà yọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó máa lò ó, ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni, èmi ní ilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ohun kan ṣá, kó má gé pèrègún wa. Ó gé e. Ẹ mọ̀ pé pèrègún kì í kú, kò pẹ́ kò jìnnà tó tún fi rú ewé láti ìdí, nínú ọgbà Kọngílá níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, oòrùn ṣì ń ràn yòò. Mo wà létí odò, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń bu yanrìn sínú típà mi. Mo gbọ́ ìbọn Lámídì nínú igbó ẹ̀yìn wa, ìbọn yín tí ẹ fi sílẹ̀ fún un. Èmi ni àkọ́bí, òun lẹ fún ní ìbọn. Ó dùn mí nígbà náà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Kò pẹ́, ìgalà kan já jáde, akọ tó ki, ìwo rẹ̀ gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan ti dá, ó ń fì bí okùn. Ó sáré kọjá níwájú wa, ó fò níbi tí wọn kò tíì mọ odi náà dókè, ó di inú ọgbà Kọngílá.

Lámídì tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i?"

"Mo rí i. O ò tíì mọ ìbọn yìn láti ọjọ́ yìí. Ẹsẹ̀ lo yìn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ń jẹ̀rora."

"Gbé ìbọn yẹn fún mi, kí n wa mọ́tò lọ bá Kọngílá ní géètì."

Ẹ wo ọ̀nà géètì o, títì ọ̀hún ló kọjú sí, ó máa gba ká yí gbogbo odi náà po. Lámídì mi orí.

"Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹran á ti joró kú. Níbo ni Bàbá ní ká gbé ìbọn sí?"

"Gbé e fún mi, mo ní. Èmi ni mo ṣáájú ẹ délé ayé."

"Ṣé ẹ̀yin ni pèrègún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìbọn kọ́ èjìká, ó gun odi lọ. Ìbọn tó ti yìn tán ni, kò sí ẹ̀tù kankan nínú rẹ̀. Torí pé pèrègún wà nínú ọgbà, ó gbọ́dọ̀ gbé ìbọn wọ inú ọgbà kó tó lè gbé e sílẹ̀. Ó ń pa òfin yín mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ fi ojú ẹni tí kò mọ̀ wá wò ó. Ọkùnrin kan gbé ìbọn, ó ń fo odi wọlé olówó. Kí ni ẹni yẹn máa rò?

Ẹ̀yin kò bá ìgbà yìí, Bàbá. Adigunjalè ti da Èkó láàmú, wọ́n ń wọlé pa èèyàn mọ́ orí ibùsùn. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti ké "Olè!" báyìí, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Táyà ni, bẹntiróòlù ni, ìṣáná ni.

Mo gbọ́ "Olè!" Mo tún gbọ́ "Adigunjalè! Ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀!" Mo gun òkìtì yanrìn, mo yọjú wo inú ọgbà. Àwọn tó ń bá Kọngílá kọ́ ilé ti yí Lámídì ká. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí pèrègún. Ó ti gbé ìbọn sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ ọ, ó ti já ewé, ewé náà wà láàrin eyín rẹ̀. Géńdé kan tó ń po kọnkéré ló gbé ìbọn náà nílẹ̀. Ìbọn yín. Ìdí rẹ̀ tí ẹ fi irin gbígbóná ya ejò sí, òun ló fi là á lórí. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Ìdí ìbọn kán. Ó wá fi ṣóńṣó èyí tó kù gún un lójú.

"Sọ̀rọ̀! Ta ló rán ẹ?"

"Kò ní sọ̀rọ̀, ẹ wo ẹnu ẹ̀! Oògùn ló há sẹ́nu!"

"Ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀ jàre! Tó bá gbé e mì, á pòórá mọ́ wa lójú ni!"

Wọ́n ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ń yọ eyín rẹ̀ bí ẹni ń ṣí agolo. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lágbọ̀n, eyín ń jábọ́, ewé kò jábọ́. Ọ̀kan fi pákó nà án lẹ́yìn. Ọ̀kan fi àdá gé ọwọ́ tó fi bo orí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá sọ. Ìbá tu ewé dànù, kó ní "ìgalà", kí wọ́n wo ẹ̀yìn táńkì omi, wọ́n á rí ẹran níbẹ̀ tó ń japoró. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ kò tíì fọhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń pariwo, òṣìṣẹ́ kì í ṣe onílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.

Èmi ké títí ohùn mi fi há. Mo ní, "Àbúrò mi ni! Ọdẹ ni! Ẹ má pa á!" Ẹnì kan nínú wọn yíjú, ó ní, "Ẹ wò ó, ẹnì kejì ẹ̀ nìyẹn!" Ó sọ àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, ó bà mí níwájú orí, mo ṣubú sẹ́yìn lórí yanrìn. Bí mo ṣe ń dìde ni mo gbọ́ tí wọ́n ń yí táyà bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé.

Bàbá, ẹ wo ohun tí ọmọ yín ṣe. Mo lé àwọn ọmọ iṣẹ́ kúrò lẹ́yìn típà, mo wọlé síwájú, mo ṣí iná ọkọ̀, mo dojú ẹ̀ kọ odi. Típà tó kún fún yanrìn. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé búlọ́ọ̀kù mi kì í sán. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọlù ú, odi náà mì, kò wó. Inú mi bàjẹ́, inú mi tún dùn sí i, bí ara ọmọ aráyé ṣe rí nìyẹn. Mo fà sẹ́yìn, mo tún forí lé e. Ó wó lẹ́ẹ̀kan náà, gbì, ó wó lé ẹsẹ̀ ẹnì kan, ẹ gbọ́ igbe. Mo bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Mo lu wọ́n. Ẹni tó po kọnkéré yẹn, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́bìrì ni mo fi gbá a lápá, apá kán, ó yọ sójú awọ. Ẹni tó di táyà mú, mo gbá a lẹ́nu, mi ò mọ iye eyín tó jábọ́, ó ṣá ku díẹ̀ tó lè fi máa jẹ̀kọ. Ẹnì kan gé mi léjìká, mi ò mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún o! Wọ́n tú ká bí adìẹ. Kò sí ọkùnrin nínú wọn.

Ìgbà yẹn ni Kọngílá tó jáde láti inú ilé tòun ti ṣòkòtò péńpé. Ó rí ihò tó wà lára odi rẹ̀, ó rí típà, ó rí ẹ̀jẹ̀.

"Alájì! Kí ló dé? Kí lẹ ń ṣe nínú ilé mi?"

Onílẹ̀ ti fọhùn. Lámídì yọ ewé lẹ́nu. Ẹ bá mi ronú sí i, Bàbá. Ẹni tí orí rẹ̀ ti là, tí ojú rẹ̀ kan ti ṣàn sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ tó kù tẹ ilẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ kúulé o, onílẹ̀. Ẹran mi ló wọ ilẹ̀ yín. Ẹ má bínú."

Kọngílá fà sẹ́yìn. Lámídì fi orúnkún wọ́ lọ sẹ́yìn táńkì omi, níbi tí ìgalà náà ti ń tapá. Ó ṣe bísímílà, ó fi ọ̀bẹ ìdí rẹ̀ dú u, ẹran náà sinmi. Mo bá a níbẹ̀, mo fẹ́ gbé e. Ó gbá ìwo ẹran náà mú.

"Ẹ gé itan, Ẹ̀gbọ́n."

"Itan wo? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Wọ inú ọkọ̀!"

"Ẹ gé itan fún onílẹ̀."

"Lámídì, ẹ̀jẹ̀ ẹ ń tán lọ! Àwọn tó fẹ́ sun ẹ́ ni mo fẹ́ gé itan fún?"

Mo fà á. Kò jọ̀wọ́ ìwo náà. Mo ṣí ìka rẹ̀ kan, ó fi òmíràn dì í. Ibo ló ti rí agbára yẹn? Mo wá mú àdá tí wọ́n jù sílẹ̀, mo gé itan náà, mo gé e bí ẹni ń gé igi, àwọ̀ ń fò. Mo gbé e tọ Kọngílá lọ. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé oògùn yín kúrò níwájú mi."

"Ẹran ni! Gbà á!"

"Mi ò fẹ́ o! Mi ò jẹ ẹran tí mi ò mọ ìdí ẹ̀!"

Bàbá, mo di ọkùnrin náà lọ́rùn mú, mo tì í mọ́ ògiri ilé rẹ̀, mo fi àdá sí ọ̀fun rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi sun jáde díẹ̀. Mo ní tí kò bá gba itan yìí, itan tirẹ̀ ni mo máa gé tẹ̀ lé e. Ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á. Nínú gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀ láyé yín, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n fi àdá fún èèyàn lẹ́ran?

Lámídì bèèrè láti ilẹ̀ níbẹ̀ pé, "Ó ti gbà á?" Mo ní ó ti gbà á. Ó jọ̀wọ́ ìwo.

Mo gbé e sínú típà, mo sáré gba Ẹgbẹ́dá, mo fọn fèrè títí. Orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mi. Bí a ṣe ń kọjá ní ibùdókọ̀ Pleasure, ó tún bi mí, "Ẹ rí i dájú pé ó gbà á?" Mo ní mo rí i, kó dákẹ́. Ó ní, "Ó parí nìyẹn o, Ẹ̀gbọ́n." Kò sọ òmíràn mọ́. Nílé ìwòsàn, dókítà kékeré kan wò ó, ó wò mí, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sílẹ̀ ti pọ̀ jù, ì bá dáa ká tètè gbé e dé. Ká tètè gbé e dé. Mo fẹ́ lu dókítà náà. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún níwájú àwọn èèyàn, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

A sin ín ní àṣálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, tí ọmọ yín ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣé ẹ ó dúró gé itan? Ṣé ẹ mọ̀, nígbà tí ẹ ń fín áṣáà tí ẹ ń kọ́ wa lófin, pé ọjọ́ kan á dé tí onílẹ̀ kò ní mọ òfin náà, tí òfin á sì de ẹnì kan ṣoṣo? Mo ń bínú sí yín. Ọjọ́ mélòó kan ni mi ò fi wo apá ibojì yín. Mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé lọ kírun.

Àwọn ọlọ́pàá kó díẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ Kọngílá, wọ́n ti jáde. Ìyẹn ló bí àwọn ọdẹ nínú. Mo dá wọn dúró títí di ẹ̀yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, torí mo ní ọ̀rọ̀ kan lọ́kàn. Itan tí wọ́n fi àdá gbà, ṣé itan ni? Mo rò ó, mo ní kì í ṣe itan. Mo ní bí Kọngílá bá ti sọ ọ́ fún ajá, tàbí ó jù ú sódò, a jẹ́ pé kò gbà á, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò di èèwọ̀, mo sì lè pa á. Lánàá, mo wọ agbádá, mo fi àdá sábẹ́ rẹ̀, mo lọ bá a ní géètì lọ́sàn-án gangan. Tí ó bá ní òun ti jù ú nù, ibẹ̀ ni ǹ bá ti pa á. Mo ń gbàdúrà pé kó sọ bẹ́ẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì. Ó ti rù. Mi ò kí i.

"Itan yẹn dà?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní ìyá àgbà kan tó ń bá wọn se oúnjẹ, ọmọ Ìgándò, ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún òun, lálẹ́ ọjọ́ tí Lámídì kú. Ó ní, "Alájì, mo jẹ ẹ́. Èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Kò fẹ́ gba ọ̀fun mi kọjá, mo ń sunkún, mo ń jẹ ẹ́. A jẹ ẹ́ tán."

Mo ní, "Ẹ̀rù ló jẹ́ kí o jẹ ẹ́."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, itan mi ló ń bèèrè. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, ṣé mo lè da ẹran ẹ̀ nù?"

Ọwọ́ mi wà lórí èèkù àdá lábẹ́ agbádá. Mo dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi ń jó mi lórí. Mo padà sílé.

Mi ò sùn. Bàbá, ẹ rántí bí mo ṣe ń jà nígbà tí mo wà lọ́mọdé? Ẹ ó rántí ọmọ alágbẹ̀dẹ tí mo fẹ́ fi òkúta fọ́ lórí. Lámídì kéré nígbà náà, kò lè gba òkúta lọ́wọ́ mi, ló bá gbá mi mú ní ìbàdí láti ẹ̀yìn, ó rọ̀ mọ́ mi títí ọmọ yẹn fi sá lọ. Mo lù ú, kò jọ̀wọ́ mi. Ó di òru àná kó tó yé mi. Kì í ṣe ìwo ìgalà ló dì mú lẹ́yìn táńkì omi yẹn. Ó mọ̀ pé òun ń lọ. Ó mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé tí òun bá kú láìjẹ́ pé ọkùnrin yẹn gba itan, èmi yóò pa á, èmi yóò jó ilé rẹ̀ tòun ti ọmọ, wọ́n á sì yẹgi fún mi. Ó jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó fi ẹ̀mí rẹ̀ dúró dè mí títí mo fi gé e, tí mo fi gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ìbàdí mi ló rọ̀ mọ́.

Èmi tí mo ń pariwo pé èmi ni mo gbà á sílẹ̀.

Mo máa dìde báyìí, mo máa jáde sí àwọn ọdẹ, mo máa ní kí wọ́n gbé ìbọn wọn, kí wọ́n máa lọ sílé, onílẹ̀ ti jẹ itan. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn máa pè mí ní ojo. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mo sì máa gbà á. Ẹ bá mi sọ fún Lámídì pé mo ṣe é. Ẹ má sọ fún un pé inú mi ti rọ̀, torí kò tíì rọ̀. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó jọ̀wọ́ òun báyìí, ọkùnrin yẹn ti lọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ibojì yín méjèèjì sí rere. Mo máa gba iwájú kọjá lónìí, mo máa kí yín.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tí kò sọ ọ́ rí,
Àkọ́bí yín.